Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Inú Agolo

"Má sọ̀rọ̀ lé e lórí," ni Màmá wí. "Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, bọ́ síta."

Rónkẹ́ pa ẹnu mọ́. Kò tilẹ̀ fẹ́ sọ ju pé ṣé kí òun dín iná gáàsì kù lọ. Ó dín in kù láì bèèrè mọ́, ó fara ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo ìyá ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń fi ìdí ṣíbí ṣí agolo mílíìkì kékeré kan tí etí rẹ̀ ti dípẹtà. Màmá ti fa etí gèlè rẹ̀ bo ẹnu àti imú.

Ọmọrí agolo náà ta sókè, òórùn kan sì jáde. Rónkẹ́ ti ń retí kó rùn, kó bu, kó kàn ti bàjẹ́ lọ́nà kan ṣáá. Kò rùn rárá. Òórùn àgbàdo tútù ni, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àyà Rónkẹ́ já, nítorí gbogbo ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni pé kí nǹkan inú agolo yẹn ti kú.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ títí. Ọláṣẹ́gun, ọkọ Rónkẹ́, fẹ́ràn kó máa pọn ọtí nílé. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni, ọtí àgbàdo tí ìyá rẹ̀ pọn tà ní Iléṣà títí ó fi tọ́ ọ dàgbà. Bí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, òun á wà nínú fúláàtì wọn yìí ní Láwáńsọ̀n, á máa sẹ́ omi ọkà, á máa fọ ìgò, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì wá mu ún tán bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ kógbá sílé, ó wọ bọ́ọ̀sì ní Jíbówú lọ sí Kánò, ó gba ibẹ̀ wọ aginjù. Ó ní òun ń lọ Líbíyà, láti Líbíyà òun á kọjá sókè òkun. Ó pè lẹ́ẹ̀kan láti inú aginjù. Atẹ́gùn ń fẹ́ lórí fóònù náà débi pé Rónkẹ́ kò gbọ́ ju "má dààmú" lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́. Moyọ̀sọ́lá ọmọ wọn, tó ń rákò nígbà náà, ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Rónkẹ́ sunkún, ó ríran, ohun tó sì rí ni Taoheed, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣe fèrèsé alùmínì ní Mushin, tí kì í gbé ohùn sókè sí èèyàn. Taoheed ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó ní òun kò kánjú, ṣùgbọ́n òun náà kò ní lè dúró títí ayé. Àwọn ẹbí Ọláṣẹ́gun kò bá a jà sí i. Àwọn gan-an ti ń sọ ọ́ kiri pé ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Kí wọ́n ṣe ìsìn fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n ṣe ìsìnkú láì rí òkú, kí gbogbo èèyàn sinmi. Màmá nìkan ló kọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí Màmá bá sì kọ̀, ìyàwó ilé wọn ni Rónkẹ́.

"Ibi tó bá wù ọ́ ni kí o lọ," Màmá ti sọ fún un lórí fóònù, "ṣùgbọ́n Moyọ̀ ń bọ̀ ní Iléṣà. Ọmọ Ṣẹ́gun kò ní í pe ọkùnrin mìíràn ní bàbá níṣojú mi."

Rónkẹ́ kò jiyàn. Ẹkún ló bú sí, ó sì sun ún títí Màmá náà fi dákẹ́. Nígbà tí Màmá máa sọ̀rọ̀, ohun tí Rónkẹ́ kò retí ló bèèrè.

"Ṣé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ọkọ rẹ sá kó tó lọ ṣì wà níbẹ̀?"

Ó wà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ohun tó máa ń silẹ̀ sí ìdí ọtí. Àwọn tó ń pọntí kì í dà á nù. Wọ́n á bù ú, wọ́n á sá a níbi tí oòrùn kò ti ní pa á, wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Òun ni ìwúkàrà ọtí. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú omi ọkà lọ́jọ́ mìíràn, á jí, á máa hó, ọtí tuntun á sì dé. Ní ìdílé tí wọ́n ti bí Màmá, wọ́n gbà pé kì í kú níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó sá a bá ṣì ń mí. Màmá ní lọ́sẹ̀ tí ìyá òun kú, gbogbo èyí tó sá sílẹ̀ ló di iyẹ̀pẹ̀ lásán.

"Mò ń bọ̀ l'Ékòó," ni Màmá wí. "A ó jí i. Bó bá jí, ọmọ mi wà láyé, wàá jókòó dè é. Bí kò bá jí, ẹnu mi yìí ni n ó fi tú ọ sílẹ̀, ìwọ àti ọmọ rẹ. Ṣé o gbà?"

Rónkẹ́ ní òun gbà kó tó sọ̀rọ̀ tán. Agolo yẹn ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù lókè gáàsì láti ọdún wọ̀nyí, ooru ń sè é lójoojúmọ́, òjò sì ti jò sí i rí. Kí ló tún lè kù níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rò ó, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Òun náà ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí, tó ń gbóòórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n.

Màmá da ìdajì ohun inú agolo náà sínú igbá kékeré tó gbé wá láti Iléṣà. Ègé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni, bí èépá ìdí ìkòkò. Ó dé ìdajì tó kù padà, nítorí wọn kì í jí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó bu omi ọkà tó ti sè, ó kán an sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ ìkókó. Ó dúró kó tutù sí i, ó tún kán an. Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe fẹ́, ó rọra dà á lé e, ó fi aṣọ funfun bo igbá náà, ó sì fojú pe Rónkẹ́ jáde.

Ìgbà tí wọ́n jókòó sí pálọ̀ ló tó tú gèlè kúrò lẹ́nu.

"Ìyàwó, bomi fún mi."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Rónkẹ́ wọlé ọkọ, Ìyàwó ni Màmá ń pè é. Bóyá Màmá tilẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀, kò dá Rónkẹ́ lójú. Ó bu omi wá, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un.

"Màmá, kí ló dé tí a kò lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Nítorí pé ó ń gbọ́."

"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀?"

"Ẹni tó bá ń jí i kì í sọ̀rọ̀ lé e lórí. Orúkọ tí o bá pè níbẹ̀, ẹni yẹn ló máa bá ọ pè. Ìyá mi kò jẹ́ kí a pe orúkọ ara wa nílé ọtí. Ọwọ́ la fi ń júwe ara wa."

"Ẹ ń dẹ́rù bà mí o."

"Ṣé èmi nìkan ni kí ẹ̀rù máa bà ni?" Màmá mu omi rẹ̀ tán, ó dìde. "Ìjókòó inú bọ́ọ̀sì ti pa mí lẹ́sẹ̀. Jẹ́ kí n lọ rìn díẹ̀ nísàlẹ̀."

Rónkẹ́ tẹ́tí sí sálúbàtà rẹ̀ títí ó fi sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn tán. Ó jókòó. Ó dìde. Ó gbá pálọ̀ tí kò dọ̀tí. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó lọ ṣí aṣọ funfun.

Kò tíì sí nǹkan kan. Omi ọkà náà dákẹ́, ègé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń léfòó lójú rẹ̀. Ó fẹ́ bò ó padà ni ìhó kékeré kan bá yọ létí igbá, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó bẹ́. Òmíràn yọ níbi tí èyí ti bẹ́.

Ẹ̀rù ba Rónkẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀rù òkú. Ẹ̀rù ìjókòó ni. Ó rí ara rẹ̀ nínú fúláàtì yìí títí irun rẹ̀ á fi funfun, tí á máa tẹ́tí sí atẹ́gùn orí fóònù. Taoheed á fẹ́ ẹlòmíràn, kò sì ní jẹ̀bi. Moyọ̀ á dàgbà, á bi í pé níbo ni bàbá òun wà, òun á sì na ọwọ́ sí igbá.

Ó gbé kẹ́tùlù kaná. Ó mọ ohun tí omi gbígbóná máa ń ṣe sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ: omi tó bá ti lè jó èèyàn lọ́wọ́, ó ti pa á. Omi náà hó. Ó gbé e, ó dà á sínú igbá díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kún dé ẹnu. Oru bò ó lójú, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n.

"Ṣẹ́gun, dárí jì mí," ló wí.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti jáde tán ló tó gbọ́ ohun tí òun sọ. Kò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí láyé rẹ̀. Èwo ni ti obìnrin tó ń pe ọkọ lórúkọ? "Ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè é kí wọ́n tó bímọ, "Bàbá Moyọ̀" ló sì ń pè é lẹ́yìn náà, kódà bí wọ́n bá ń jà. Ó fi aṣọ bo igbá náà, ó nu tábìlì, ó gbé kẹ́tùlù pamọ́ sábẹ́ síǹkì, àfi bí ẹni pé kẹ́tùlù ló jẹ̀bi.

Màmá kò pẹ́ kó tó dé. Ó lọ tààrà sí ilé ìdáná, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Rónkẹ́ jókòó sí pálọ̀, ó ń retí rẹ̀. Nígbà tí Màmá jáde, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sábẹ́ ìró.

"Ṣé ó ti ń hó, Màmá?"

"Rárá," Màmá wí. "Ó dákẹ́."

Nígbà tí Moyọ̀ dé láti ilé ìwé, Màmá bá a ṣeré díẹ̀, ó jẹ òkèlè mélòó kan, ó sì wọlé lọ sùn kí ilẹ̀ tó ṣú dáadáa. Rónkẹ́ náà sùn, oorun rere ni, nítorí ọ̀rọ̀ ti parí lójú tirẹ̀.

Ariwo kan ló jí i láàárọ̀. Kò ga, ó kàn ń dún lọ ṣáá, bí epo tó ń dín nǹkan lórí iná kékeré. Ó rò pé gáàsì ló ń jò. Ó sáré wọ ilé ìdáná, ó fẹ́ yí i pa, ó ti wà ní pípa tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ, fíríìjì kò dún, kò sí jẹnẹrétọ̀ kankan nínú kọ́ńpáùndì tó ń ṣiṣẹ́. Ariwo náà ń dún síbẹ̀.

Àárín aṣọ funfun náà ti wú sókè.

Ó fi ìka méjì ká a kúrò. Ìhó ti kún igbá náà, ó nípọn, ó funfun, ó ti ṣàn sórí tábìlì, ó ń kán sórí táìlì. Òórùn rẹ̀ bo Rónkẹ́ mọ́lẹ̀. Òórùn ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ni, ọtí àti ọṣẹ àti òógùn abíyá rẹ̀. Kò sí bí òógùn èèyàn ṣe lè wà nínú omi ọkà. Rónkẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń gbóòórùn rẹ̀ síbẹ̀. Ó di tábìlì mú.

Màmá ti dúró sẹ́yìn rẹ̀, kò mọ ìgbà tó dé. Màmá wo igbá náà, ó wo Rónkẹ́, ó tún wo igbá náà, ó sì dà bíi pé ohun tó ń rí kò yé e. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ sórí táìlì tútù, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Pálọ̀ ló ti wá gbé fóònù, tó pe àwọn ẹbí ní Iléṣà.

"Kí ẹnikẹ́ni má dá ọ̀rọ̀ ìsìnkú sílẹ̀ mọ́," Rónkẹ́ gbọ́ tó ń wí. "Ọmọ mi ti dáhùn."

Rónkẹ́ wẹ Moyọ̀, ó múra fún un, ó mú un sọ̀kalẹ̀ lọ bá bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló so okùn bàtà rẹ̀, nítorí ọkàn ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì lọ tán, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kò fẹ́ padà sókè. Lateefah tó ni ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé wọn ló pè é.

"Ìyá Moyọ̀, ṣé Bàbá Moyọ̀ ti dé ni?"

Rónkẹ́ yíjú sí i. "Kí lẹ wí?"

"Àbí ẹ fẹ́ fi í pamọ́ fún wa ni? Òórùn ọtí rẹ̀ ti gba gbogbo kọ́ńpáùndì láti ìdájí. Èmi tí n kò mutí, mo mọ tirẹ̀ yàtọ̀. Ṣé ìjà tí mo bá a jà lórí ẹ̀ kéré ni?" Lateefah rẹ́rìn-ín, ó ń to páálí míńrálì. "Ẹ bá mi kí Màmá o. Ṣé búrẹ́dì wọn wú dáadáa?"

"Búrẹ́dì wo?"

"Wọ́n ra yíìsì lọ́wọ́ mi lánàá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe búrẹ́dì fún ọmọ ọmọ àwọn."

Ara Rónkẹ́ wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Yíìsì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di mọ́ Lateefah. Kò sí òkú, kò sí alààyè, yíìsì búrẹ́dì ni, èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n kó tó dé òkè, ẹ̀rín náà ti di ìbínú. Àgbàlagbà obìnrin, ìyá ìjọ, ló da yíìsì sínú igbá tó tún wá kúnlẹ̀ tó ń sunkún èké.

Màmá jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, ó dojú kọ igbá náà. Ìhó ń dún síbẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí á jáde lónìí. Yíìsì lẹ dà sí i. Oníṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ti sọ fún mi. Ẹ fẹ́ kí n jókòó síbí kí n gbó, nítorí yíìsì."

"Ó ti jí tán, a lè sọ̀rọ̀ níbí bí a kò bá ti pe orúkọ," ni Màmá wí. Ó tú kókó kan tó ta sí etí ìró rẹ̀, ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Rónkẹ́.

Yíìsì ni. Rónkẹ́ yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ìka tẹ etí rẹ̀ yíká. Kò síbi tí wọ́n ti ya á.

"Mo rà á," ni Màmá wí. "Mo mọ̀ pé ohun tó ti pẹ́ báyìí lè má jí, ọkàn mi kò sì gbà pé kó má jí. Mo dé, mo ní kí n kọ́kọ́ ti ìka bọ̀ ọ́ wò kí n tó da yíìsì sí i." Ó na ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ìléròrò ti yọ lórí rẹ̀, ó ń dán. "Ó jó mi."

Rónkẹ́ wo ìka náà. Ìtìjú mú un, ilẹ̀ ni kó là kó gbé e mì.

"Ẹ mọ̀ láti àná?"

"Mo mọ̀. Mo dúró síbí, inú bí mi, mo fẹ́ wá fi igbe bọnu lé ọ lórí. Nígbà tó yá ni mo wá rò ó. Obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé omi gbígbóná, tó sì ń sunkún bó ṣe ń dà á, ó ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Ọmọ mi ló fi ọ́ sílẹ̀, ìwọ kọ́ lo fi ọmọ mi sílẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mo sunkún?"

"Ojú rẹ ò ṣeé wò nígbà tí mo dé." Màmá fi etí ìró nu imú. "N kò da yíìsì sí i. Mo ní bí ilẹ̀ bá mọ́, tí a bá ṣí i tí kò hó, n ó tú ọ sílẹ̀ bí mo ṣe ṣèlérí. Mo ti ro ọ̀rọ̀ tí n ó sọ kí n tó sùn."

Igbá náà nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé Rónkẹ́. Òun ti pa á. Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan sí i.

"Ta ló wá jí i, Màmá?"

"Ohun tí èmi náà fẹ́ bi ọ́ nìyẹn. Kí lo sọ nígbà tí ò ń da omi náà?"

"Mo kàn bẹ̀ ẹ́ ni."

"Báwo lo ṣe bẹ̀ ẹ́? Kí lo pè é?"

Rónkẹ́ wolẹ̀. "Orúkọ rẹ̀ ni mo pè."

Màmá mí kanlẹ̀.

"Èmi tí mo bí i, mo di ẹnu mi kí n má baà pè é. Ìwọ tí o kò pè é lórúkọ rí láyé rẹ, o wá pè é. Báwo ni kò ṣe ní dáhùn?"

"Ṣé ó wà láyé nìyẹn?"

Rónkẹ́ ti mọ ohun tí Màmá máa sọ. Ó ti ń dúró dè é, orí rẹ̀ ti tẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Màmá mi orí.

"N kò mọ̀. Èyí tí kò kú ló yẹ kó jí. Èyí kú, ó sì jí. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi kò dé ibẹ̀ yẹn." Ohùn rẹ̀ fọ́. "Ó gbọ́ ọ. Ibi tó wà tó ti gbọ́ ọ, n kò mọ̀. Ìgbà tí mo pe Iléṣà tán láàárọ̀ yìí ni ẹ̀rù tó bà mí."

Rónkẹ́ gbé ọ̀rá yíìsì sórí tábìlì. Inú rẹ̀ bà jẹ́, ó sì tún rí i pé ọkàn òun balẹ̀ ju ti àná lọ. Bó hó, bí kò hó, igbá yìí kò ní í sọ ibi tí Ọláṣẹ́gun wà fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó lè ṣe kò ju kó gbọ́ lọ. Bó bá sì ń gbọ́, kò yẹ kó jẹ́ ẹnu ẹlòmíràn ni ọkọ òun ti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí.

Ó kúnlẹ̀ níwájú tábìlì, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí i tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

"Ọláṣẹ́gun," ló wí.

Màmá na ọwọ́ láti bo ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ náà dúró lágbedeméjì, nítorí ariwo ìhó ti dá. Kò rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dá lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ìdáná sì pa rọ́rọ́.

Rónkẹ́ rò pé òun kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Bí ẹgbẹ́ ló ṣe bá a sọ̀rọ̀, kò fi "ẹ" kún un, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò fẹ́ ohun tó máa dí i lọ́wọ́.

"Èmi ni. Èmi ni mo da omi gbígbóná lé ọ lórí lánàá, ó dùn mí. Ọmọ rẹ ti ń ka eyín, méjì ti yọ níwájú. Ẹsẹ̀ rẹ ló gbé wá sáyé, kì í rìn, eré ló ń sá. Mo dúró dè ọ́. Ìyá rẹ mọ̀ pé mo dúró. Bí o bá wà láyé, máa bọ̀ nílé, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ni kí o kọ́kọ́ lọ, wọ́n á sọ ibi tí mo wà fún ọ. N kò ní í sá fún ọ. Bí o kò bá sì sí mọ́, má rìn kiri inú iyanrìn yẹn mọ́. Sinmi. Ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ mi. N kò ní í pe orúkọ rẹ̀ níbí. Èmi náà fẹ́ ẹ. Mò ń lọ."

Kò sí ohun tó dún. Wọ́n jọ ń wo igbá náà. Nígbà tó yá, ìhó náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ti àárín rọ̀ wá sí etí, títí omi ọkà fi hàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó tòrò, ó mọ́ kedere. Rónkẹ́ fà símú. Òórùn àgbàdo nìkan ló kù níbẹ̀.

"Ó ti gbọ́," ni Màmá wí.

Ó dìde lórí àpótí, ó gbé agolo tí ìdajì gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kù sí kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fi aṣọ funfun wé e, ó dì í lẹ́ẹ̀mejì, ó fi há abíyá.

"Tèmi nìyí," ló wí. "Èmi ni mo bí i, èmi ni kí n máa dúró dè é. N kò ní í jí i. N ó kàn gbé e sẹ́bàá orí mi níbi tí mo ń sùn sí. Ìsìnkú kò sí, n ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tìrẹ ti tán lọ́dọ̀ wa. Mú ọmọ rẹ lọ. Kó máa wá lo hólídè lọ́dọ̀ mi, ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ ọ́."

Rónkẹ́ tẹrí ba níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó dúpẹ́.

"Dìde nílẹ̀, orúnkún rẹ ti wọnú ìhó. Gbé omi kaná fún mi kí n wẹ̀, kí n tètè dé Jíbówú."

Màmá jáde. Ó ti kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ti dé pálọ̀, kó tó dúró, tó yíjú padà. Ó la ẹnu, ó pa á dé, ó tún là á.

"Rónkẹ́," ló wí. "Má jẹ́ kó gbóná jù."